Bíìtì wo ló lè lu ihò sára ọ̀bẹ stainless tó ti le? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ rà á

Bí èèkù ọ̀bẹ stainless yín bá ti bọ́, tí ẹ sì fẹ́ lu ihò tuntun sí ìrù rẹ̀, ìyẹn irin tó ń wọ inú èèkù, kí ẹ lè fi pákó míì dì í, ẹ má tíì lọ sí ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wá fáìlì tó mú. Ẹ fi igun rẹ̀ ha ibi tí ihò yóò wà gan-an, kì í ṣe ojú ọ̀bẹ. Bí fáìlì bá jẹ irin náà wọlé wẹ́rẹ́, bíìtì kóbáàtì tó dáa yóò lù ú. Bó bá ń yọ̀ kọjá lórí rẹ̀ bí èékánná lórí àwo tánganran, bíìtì irin lásán tàbí ti kóbáàtì kò ní wọlé síbẹ̀. Àwọn ọ̀bẹ kan wà tí ìrù wọn rọ̀ ju ojú wọn lọ, nítorí náà ẹ lè tipa àyẹ̀wò yìí dá owó ńlá dúró sápò.

Ohun tí fáìlì ń sọ fún yín yẹn ni àwọn onímọ̀ irin ń fi nọ́ńbà kọ. HRC ni wọ́n ń pe ìwọ̀n líle náà; bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni irin ṣe le tó. Ọ̀bẹ ilé ìdáná tí kò wọ́n sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 52 sí 54. Ọ̀bẹ Jámánì tí wọ́n fi irin X50CrMoV15 ṣe máa ń wà ní 55 sí 57, stainless tí wọ́n ń pè ní 440C, bí wọ́n bá mú un le dáadáa, sì máa ń dé 58 sí 60. Bíìtì HSS (high-speed steel, irin tí wọ́n fi ń ṣe bíìtì tó wọ́pọ̀ jù) fúnra rẹ̀ kì í ju 62 sí 65 lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe súnmọ́ra tó! Irin tó ń gé nǹkan gbọ́dọ̀ le dáadáa ju èyí tí wọ́n ń gé lọ, kó sì dúró lórí líle yẹn nígbà tó bá gbóná. Ooru kì í sì í tètè rìn nínú stainless. Ẹnu bíìtì ló ń dúró sí.

HSS

Èyí ló wà níbi gbogbo, láti Adó títí dé Ìjerò, òun náà ló sì rọjú jù lọ. Ó dáa fún irin lásán. Ó tún lè lu stainless tí wọn kò mú le, bíi irú tí wọ́n ń pè ní 304, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gírígírí tí ẹ sì jẹ́ kó yí díẹ̀díẹ̀. Iná kì í mú 304 le, ṣùgbọ́n bí bíìtì bá kàn ń yí lórí rẹ̀ láìgé e, ojú ibẹ̀ yóò le sí i, ẹni tó bá tún fẹ́ lù ú lẹ́yìn ìgbà náà yóò rí iṣẹ́.

Lórí ọ̀bẹ tó ti le, igbe ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ẹnu bíìtì á di búlúù, ojú irin á sì máa dán láìsí ihò kankan. Bíìtì yẹn ti kú.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó ní àwọ̀ wúrà. Titanium nitride ni wọ́n fi bò ó. HSS lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé ti stainless nìyẹn, ṣùgbọ́n kò lè lu ọ̀bẹ tó ti le.

Kóbáàtì

Nínú irin bíìtì gan-an ni kóbáàtì wà, kì í ṣe ohun tí wọ́n kùn sí i lára, nítorí náà ẹ lè pọ́n ọn títí yóò fi kúrú. Nínú àwọn irú rẹ̀, M35 ní kóbáàtì ìdá 5 nínú 100, M42 ní ìdá 8. M42 le jù, ó sì tètè ń ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lo dírílì ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé M35 ló yẹ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ wo ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: ó yẹ kí wọ́n ti fín HSS-Co, HSS-E, M35 tàbí M42 sí i. Àwọ̀ kò tó ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni ló lè pa bíìtì láró. Ẹ bèèrè èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ 135 dígírì, torí kì í fẹsẹ̀ yọ̀ lójú irin bíi ti 118.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ ni nǹkan bíi HRC 45 sí 50. Ọ̀bẹ tó ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò jẹ ẹnu rẹ̀, àfi bí ẹ bá kọ́kọ́ fi iná mú kí ìrù ọ̀bẹ náà rọ̀. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Bíìtì onítáìsì àti bíìtì ògiri

Kábáìdì kékeré kan (tungsten carbide, kì í ṣe kábáìdì gáàsì ti wẹ́dà) ni wọ́n jó mọ́ orí àwọn méjèèjì, kábáìdì sì le ju ọ̀bẹ èyíkéyìí lọ. Bíìtì onítáìsì, tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ọ̀kọ̀, ti mú láti ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu bíìtì ògiri kú, torí lílù ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ gbọ́dọ̀ pọ́n ọn lórí òkúta aláwọ̀ ewé tàbí díìsì dáyámọ́ńdì. Òkúta tí àwọn wẹ́dà fi ń lọ irin lásán kò lè pọ́n kábáìdì. Ẹ pa bọ́tìnì tó ń mú dírílì lu bí òòlù, ẹ kán epo sí i, ẹ sì máa sinmi. Bó bá gbóná jù, ohun tí wọ́n fi jó orí rẹ̀ mọ́ ọn á yọ́, orí á sì bọ́.

Ihò rẹ̀ kì í sábà yípo régé, ó sì lè fẹ̀ ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára lọ díẹ̀. Fún ìrù ọ̀bẹ tí pákó yóò bò, kò burú rárá. Bí owó kò bá pọ̀ lọ́wọ́, tí ọ̀bẹ náà sì jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, bíìtì onítáìsì ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò.

Kábáìdì láti orí dé ìdí

Òun ni ọba wọn. Ó ń lu irin HRC 60 láìfi iná rọ̀ ọ́, ihò rẹ̀ sì máa ń mọ́ kedere. Ó wọ́n ju HSS lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ ní láti ní kí wọ́n bá yín fi ránṣẹ́ láti Èkó.

Ṣùgbọ́n ẹ má rà á bí dírílì ọwọ́ nìkan lẹ ní. Kábáìdì kò mọ títẹ̀, kíkán ló mọ̀. Ọwọ́ tó bá mì díẹ̀ ti ṣẹ́ ẹ, àjákù rẹ̀ tó bá sì há sínú ihò, ó ṣòro gan-an láti yọ. Dírílì orí tábìlì tí kì í mì ni kí ẹ fi ṣe é, kí fáìsì di ọ̀bẹ mú ṣinṣin, kí irin pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ẹnu bíìtì bá fẹ́ yọ sí òdìkejì ló léwu jù: irin tín-ín-rín tó kù á gbá a mú, á fà á, pàù! Irin abẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kó rí àyè fà á. Fún ihò mìlímítà 3, ẹ jẹ́ kó máa yí bíi ẹgbẹ̀rún kan ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ láìṣiyèméjì ṣùgbọ́n láìfipá. Ẹ má da omi tútù lé e lórí tó bá ti gbóná, yóò là. Èérún rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́: ẹ wọ gíláàsì ojú.

Dáyámọ́ńdì

Ẹ̀rọ kékeré tó ń yí kíákíá ló máa ń bá a lọ. Ó ń ha irin ni, kì í gé e, nítorí náà ó ń pẹ́. Omi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, torí bó bá gbóná jù, irin á máa jẹ dáyámọ́ńdì náà. Ó wúlò fún fífẹ ihò tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Fífi iná rọ̀ ọ́

Èkìtì kò ṣàìní alágbẹ̀dẹ; ilẹ̀ wa náà ni Ìrè, ìlú Ògún Onírè, wà. Bí ẹ bá gbé ọ̀bẹ yín dé ilé arọ, bàbá tó wà nídìí ẹwìrì lè sọ pé kí ẹ jẹ́ kí òun gbé e dé pupa, kí òun sì tẹ̀ ẹ́ sínú eérú di ọjọ́ kejì. Òótọ́ ni, fún irin sípíríngì mọ́tò tí wọ́n fi ń rọ àdá. Stainless ọ̀bẹ yàtọ̀. Atẹ́gùn lásán tó láti mú un le: bó bá pupa títí tó fi pọ́n bí ọsàn, tí ẹ gbé e síta kó tutù, yóò le padà bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ bẹ bàbá pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ́lẹ̀." Pupa tó ṣókùnkùn, èyí tí ojú ń rí níbi tí oòrùn kò dé, bíi 700 dígírì, ló yẹ, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó sì tutù fúnra rẹ̀. Ojú ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ wà nínú omi tàbí kí ẹ fi àkísà tútù wé e. Bí àwọ̀ bá ń rìn lọ síbẹ̀, ẹ mú iná kúrò.

Lẹ́yìn èyí M35 yóò lù ú. Ibi tí iná kàn yóò máa tètè dípẹtà, torí náà ẹ fi gọ́ọ̀mù epoxy dí i dáadáa lábẹ́ èèkù. Ẹni tó ń rọ ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ kò nílò gbogbo èyí, kó lu ihò kó tó mú irin le ni.

Ẹni tí yóò rà

Ìyá olóúnjẹ tó ń fi ọ̀bẹ kan ṣoṣo bẹṣu iyán kò nílò bíìtì kankan. Kí wọ́n gbé e fún ẹni tó ní dírílì orí tábìlì. Wẹ́dà tàbí káfíńtà tó ní dírílì ọwọ́, kó ra M35 kó sì lo iná, tàbí kó ra bíìtì onítáìsì. Ẹni tó fẹ́ fi èèkù ọ̀bẹ ṣe òwò, kó ra dírílì orí tábìlì ná, kábáìdì tẹ̀ lé e, méjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọ̀kan yóò kán.

Ẹ ra ìṣó idẹ tí yóò di èèkù mú kí ẹ tó ra bíìtì, kí ẹ sì mú un dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Fáìlì kò lè fẹ ihò irin tó ti le. Bí ìṣó bá jẹ́ mìlímítà 3.2 tí ihò jẹ́ 3, ìṣó ni ẹ ó fi fáìlì lọ̀ kù.