Ọkọ̀ ojú omi Staten Island: bí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣe gbádùn New York láìná kọ́bọ̀

Owó tó wà lápò èmi àti ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ náà kò tó nǹkan, àmọ́ a ò fẹ́ kúrò ní New York láìfojú kan ère Statue of Liberty. Ọkọ̀ ojú omi Staten Island ló bá wa ṣe é. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, ì báà jẹ́ onílé, ì báà jẹ́ àlejò.

Bá a ṣe ń sún mọ́ èbúté Whitehall ní ìsàlẹ̀ Manhattan ni ọkùnrin kan tó múra bí òṣìṣẹ́ dá wa dúró, ó ní ká wá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ mi ti ń tọwọ́ bàpò kí n tó fà á lápá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó ọkọ̀ yìí, jìbìtì ló fẹ́ lù yín. Ńṣe la kàn bá èrò dúró nínú gbọ̀ngàn, ilẹ̀kùn ṣí, a rìn wọlé.

Tẹ́ ẹ bá ń ti Manhattan lọ, apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ sì bọ́ síta. Lákọ̀ọ́kọ́, ère náà kò ju ìka ọwọ́ lọ lójú wa. Nígbà tó yá, a rí iná wúrà orí ògùṣọ̀ rẹ̀ tó ń kọ mànà nínú oòrùn, a rí bí aṣọ rẹ̀ ṣe ṣẹ́po. Bàbà ni wọ́n fi ṣe é, ọjọ́ orí ló sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Ọ̀rẹ́ mi tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ kò lè sọ nǹkan kan. Nínú ọkọ̀ lọ́hùn-ún, obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ti bọ́ bàtà, ó ń sùn. Ọkọ̀ àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ lèyí, ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Bí ìṣẹ́jú 25 ni ìrìn náà. Gbogbo èrò ló máa ń sọ̀kalẹ̀ ní St. George, èbúté tó wà ní Staten Island, kódà ẹni tó fẹ́ padà lójú ẹsẹ̀, kó tó tún wọlé. Ẹ yẹra fún àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ táwọn òṣìṣẹ́ ń wọ́; ọ̀sán la lọ, àyè gbà wá. Kì í dúró níbi ère o. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún, ọkọ̀ olówó ló máa wọ̀.

Lójú tèmi, àbọ̀ dùn ju àlọ lọ: iwájú ọkọ̀ la dúró sí, àwọn ilé gogoro Manhattan ń ga sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ò tíì rẹ̀ wá, la bá rìn dé afárá Brooklyn tí wọ́n ṣí ní 1883, ọ̀fẹ́ nibẹ̀ náà. A fara ti irin, à ń wo ọkọ̀ aláwọ̀ ọsàn yẹn lọ́ọ̀ọ́kán, ó tún ti gbéra.