Hóró tó ń hó, O.R.S. tàbí omi àgbọn: èwo ni ká gbé sórí kẹ̀kẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?

Hóró tó ń hó ni hóró oníyọ̀ bí oògùn tí à ń jù sínú omi kí á tó mu ún; O.R.S. ni ìyẹ̀fun iyọ̀ àti gúlúkóòsì inú ọ̀rá tí oníkẹ́míìsì ń tà. Àwọn àti omi àgbọn ni àwa tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń wò láti fi dá iyọ̀ tí òógùn gbé lọ padà. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: ẹni tí hóró tó ń hó ti dójú tì lójú ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá ló ń kọ èyí. Mo máa gbìyànjú kí n má ṣègbè, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á fò sókè.

Kẹ̀kẹ́ tí mò ń sọ kì í ṣe Màrúwá o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí à ń fẹsẹ̀ yí. Bẹ́ ẹ bá kàn ń gùn ún láti Pánṣẹ́kẹ́ dé Òkè-Mọ́sàn, tí ẹ sì padà sílé láàárín wákàtí kan, ẹ má náwó sí ohunkóhun nínú ohun tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí. Omi tútù àti oúnjẹ alẹ́ ti tó yín. Ẹni tó ń lo wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún lórí kẹ̀kẹ́ ní oṣù kejì sí oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn ń ràn lókè, tí àpáta Abẹ́òkúta sì ń bu ooru tirẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Òógùn kì í ṣe omi lásán. Ẹ fi ahọ́n kan ẹ̀yìn ọwọ́ yín lẹ́yìn wákàtí kan, iyọ̀ lẹ máa tọ́ wò. Sodium ló pọ̀ jù nínú iyọ̀ yẹn. Potassium wà níbẹ̀, àmọ́ ó kéré. Magnesium ò ju bín-ín-tín lọ. Nínú lítà òógùn kan, sodium tó ń bá a jáde lára ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tó nǹkan bíi mílígíráàmù 900 sí 1,000. Ti àwọn kan ò tó ìdajì ìyẹn, ti àwọn mìíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ̀wù dúdú ni mo fi mọ tèmi. Tí mo bá délé, ilà funfun á ti yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká bíi pé wọ́n gbé e wá láti ọ̀dọ̀ aládìrẹ ní Ìtòkú. Bí ẹ̀wù tiyín bá ń rí bẹ́ẹ̀, oníyọ̀ púpọ̀ lẹ̀yin náà.

Iye sodium: ibi tí owó mi wọlẹ̀ sí

Mo ra hóró tó ń hó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ogún nínú ike gbọọrọ kan, ọjà òkè òkun. Wọ́n kọ electrolyte, ìyẹn àwọn iyọ̀ ara bíi sodium, sára rẹ̀ gàdàgbà. Mo yí i padà, mo rí "0.35 g". Mo ní áà, mílígíráàmù 350, ó dára. Mo ju hóró kọ̀ọ̀kan sínú ìgò méjèèjì tó wà lára kẹ̀kẹ́, mo kó ìyókù sápò, ó di Ìbàdàn.

Láti ọ̀dọ̀ wa, gba Òsíẹ̀lẹ̀, Ọ̀dẹ̀dá, Bákàtàrí àti Omi-Àdió, ó lé ní kìlómítà 70 kéèyàn tó wọ Ìbàdàn. Mo fẹ́ lọ kí n sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àlọ dùn bí oyin. Nígbà àbọ̀, gbogbo ibi tí mo bá ti rí píọ̀ wọ́tà ni mo ti ń dúró rà, torí ohun tí gbogbo wa ń sọ fún ara wa ni pé kéèyàn má jẹ́ kí òǹgbẹ gbẹ òun kó tó mu. Kí n tó dé Ọ̀dẹ̀dá, òǹgbẹ kò gbẹ mí mọ́ rárá. Omi ń mì nínú ikùn mi bíi ti inú kèrègbè, orí ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi, ìka mi ti wú débi pé òrùka ìgbéyàwó mi ò ṣe é yí. Bí mo ṣe ní kí n sọ̀ kalẹ̀ ni pajápajá gbá itan mi méjèèjì mú. Ìyá kan tó ń ta gààrí létí títì ló bá mi di kẹ̀kẹ́ mú. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ta ló rán ẹ níṣẹ́ yìí?" Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ dé Ọbáńtokò.

Lálẹ́, mo gun òṣùwọ̀n. Mo ti gùn ún láàárọ̀ náà kí n tó jáde. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ làágùn ló wúwo ju bó ṣe jáde nílé lọ! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì gba ike hóró náà lọ́wọ́ mi.

"Kí lo rò pé wọ́n kọ síbí?"

"Sodium ni, Àǹtí. Mílígíráàmù 350."

"Salt ni wọ́n kọ. Ojú ẹ ò gbé e ni?"

Ohun tó ná mi lówó nìyẹn. Iyọ̀ tí à ń fi se ọbẹ̀, sodium àti chloride ló para pọ̀ di í, sodium ò sì tó ìdajì rẹ̀. Ẹ pín iye salt sí ọ̀nà méjì àbọ̀, ìdá kan ni sodium. 0.35 tí mo fi yangàn di nǹkan bíi mílígíráàmù 140. Ìdajì lítà omi ni wọ́n tilẹ̀ ṣe hóró kan fún, ìgò tèmi sì jẹ́ 75cl, nítorí náà mo tún ti bomi là á. Ọjà tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù sábà máa ń kọ salt, ti Amẹ́ríkà máa ń kọ sodium; ẹni tó bá fẹ́ fi méjì wéra gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ wọ́n di oríṣi kan náà. Ohun tó tún wà lára ike yẹn ni magnesium àti fítámì oríṣiríṣi, wọ́n tò wọ́n gẹ̀rẹ̀jẹ̀ bí orúkọ àwọn olóyè lára ìwé ìpè. Òógùn mi ò bẹ̀ wọ́n níṣẹ́.

Kí n má parọ́ mọ́ hóró ṣá: omi àmujù ni olórí ẹ̀bi. Béèyàn bá ń da omi lásán sára ju èyí tó ń làágùn jáde lọ, sodium inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, àwọn oníṣègùn sì ń pè é ní hyponatremia. Ó lè pani. Nígbà eré ẹlẹ́mìí ẹṣin (marathon) ti Boston ní 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 wò lẹ́yìn tí wọ́n sáré tán, mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in. Àǹtí ní ká ní mo tún ra píọ̀ wọ́tà méjì sí i ní Òsíẹ̀lẹ̀ ni, ilé ìwòsàn ni mi ò bá sùn. Nítorí náà, èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà nínú gbogbo wọn, ẹ jẹ́ kí òǹgbẹ máa darí yín, ẹ má sì dé ilé kí ẹ wúwo ju bẹ́ ẹ ṣe jáde lọ. Pajápajá sì rèé, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni iyọ̀ ń lé. Iṣan tó ti rẹ̀ náà máa ń fà.

Ẹ wá wo sodium inú lítà kan, kí ojú yín ríran bíi tèmi:

O.R.S., bí wọ́n ṣe ní kí ẹ pò ó: mílígíráàmù 1,725
Omi iyọ̀ àti ṣúgà tí a pò nílé: nǹkan bí 1,200
Ohun mímu eléré ìdárayá inú ìgò: nǹkan bí 450 sí 500
Hóró tèmi, ká ní mo pò ó bó ṣe yẹ: nǹkan bí 280
Gúlúkóòsì oní-páálí: kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí

Hóró tó ń hó

Ó rọrùn, ó fúyẹ́, ó dùn lẹ́nu, ṣúgà ò sì pọ̀ nínú rẹ̀ tí èèrà á fi máa tẹ̀ lé ìgò yín. Àwọn kan wà tó dáa ju tèmi lọ, tí hóró kan ní sodium 300. Méjì irú ẹ̀ nínú 75cl bójú mu. Àmọ́ ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Ohun tó ń mú un hó ni ásíìdì bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́ àti bicarbonate tí wọ́n jọ wà nínú rẹ̀ ní gbígbẹ. Bí omi bá ti kàn wọ́n ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ oṣù keje tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ti ṣí ike náà, tí ẹ ò dé e pa dáadáa, ẹ máa bá hóró tó ti wú, tó ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ sì má dé ìgò lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá ju hóró sínú rẹ̀. Aṣọ ìyàwó mi mọ ìdí rẹ̀.

O.R.S.

Ọ̀rá kékeré tí gbogbo oníkẹ́míìsì ní Kútọ̀, Sápọ́n àti Láfẹ́nwá ń tà. Nítorí ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n ṣe é, ìyẹn ló sì jẹ́ kí oníkẹ́míìsì máa bi mí pé ṣé ọmọ ò le nílé. Nínú ọ̀rá onílítà kan, gíráàmù 2.6 iyọ̀ ló wà, potassium chloride 1.5, citrate tó ní sodium tirẹ̀ nínú 2.9, gúlúkóòsì 13.5. Gúlúkóòsì yẹn kì í ṣe fún adùn: òun ló ń di ọwọ́ sodium mú wọ ara ìfun, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Ìyẹn nìkan ló jẹ́ kó yàtọ̀ sí kéèyàn kàn lá iyọ̀.

Bí wọ́n ṣe ní ká pò ó, iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ ju ti òógùn ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, ó sì ń ṣe ẹnu bí omi òkun. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé: mo máa ń da odidi ọ̀rá kan sínú ike omi ńlá onílítà kan àbọ̀, mo máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i, mo máa mì í, mo wá pín in sínú ìgò 75cl méjì. Sodium rẹ̀ á wá máa lọ sí 1,150 nínú lítà kan, ó sì bá ẹni tí ẹ̀wù rẹ̀ ń yà ní funfun mu. Tí òógùn yín ò bá níyọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ pò ó mọ́ lítà méjì. Ẹ wo ara ọ̀rá yín kí ẹ tó wọn omi, torí àwọn kan wà tí wọn kì í ṣe onílítà kan. Èyí tẹ́ ẹ bá ti pò, kó má ju wákàtí 24 lọ.

Ẹ̀sùn tí mo ní sí i kò ju pé kò lè gbé yín rìn. Agbára inú rẹ̀ kéré. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ jìnnà nílò oúnjẹ afáralókun tó gíráàmù 30 sí 60 ní wákàtí kan, gbogbo ọ̀rá kan ò sì tó ìdajì 30. Ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ jẹ búrẹ́dì. Èmi máa ń di mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì ń tọrọ rẹ̀.

Àwọn yòókù

Omi iyọ̀ àti ṣúgà kì í jáni kulẹ̀ bọ́wọ́ bá mọ ìwọ̀n: ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, lítà omi kan. Kí ṣíbí dọ́gba lórí, kó má ṣe òkìtì. Kò ní potassium, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á bá a fi kún un.

Omi àgbọn, mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní fi í ṣeré. Àmọ́ potassium ló kún inú rẹ̀, sodium ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sodium là ń wá. Ó sì máa ń kan nínú ìgò kí oòrùn tó dé àtàrí. Ẹ mu ún tẹ́ ẹ bá délé.

Ohun mímu eléré ìdárayá inú ìgò bẹ̀rẹ̀ ní 1965, ní Yunifásítì Florida, fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà níbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ní ṣúgà tó ń gbéni rìn, àmọ́ ìgò mẹ́fà lọ́jọ́ kan á gbọ́n àpò yín gbẹ. Ẹ má sì ṣe é ní àṣìṣe fún agolo energy drink tó ń mú ojú là. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀.

Gúlúkóòsì oní-páálí: ṣúgà ni.

Èwo wá ni?

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó ra èyíkéyìí. Ẹni tí owó ò wọ́n, tí kò lè fara da omi tó ń ṣe ẹnu iyọ̀, tó sì lè ka ẹ̀yìn ike dáadáa, hóró dára fún un, mi ò bá a jà. Ẹni tí kò fẹ́ náwó rárá, iyọ̀ àti ṣúgà wà nílé. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tí wọ́n ti wọ̀n kalẹ̀, tí ọ̀rinrin ò lè bà jẹ́ torí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, tó sì lè rà á ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ àdúgbò rẹ̀, ó mọ ibi tó ń lọ.

Ike hóró mi ṣì wà lórí fíríìjì. Ó ku méje nínú rẹ̀, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra wọn di ọ̀kan. Ẹni tó bá ní ọ̀bẹ tó mú, kó wá gbà á, mi ò ní gba kọ́bọ̀.