Páráfíìnì, sóyà tàbí ìda oyin: èwo ni kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àbẹ́là ṣíṣe nílé rà?

Kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan ra ìda, ẹ pinnu iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí àbẹ́là yín ṣe. Èyí tí èèyàn ń tàn nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, èyí tí ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àti èyí tí wọ́n ń gbé sí pálọ̀ kí ilé lè máa ta sánsán, ìda kan náà kọ́ ló bá wọn mu. Ibí yìí ni owó ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ti ń wọgbó.

Páráfíìnì

Inú epo rọ̀bì ló ti ń wá, òun ló sì wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó bá wà l'Ékòó lè wá a lọ sí ọjà kẹ́míkà ní Ọ̀jọ́tà. Ẹ béèrè èyí tó ń yọ́ ní nǹkan bí 58 sí 60°C, torí kò ní tètè rọ nínú ooru ilẹ̀ wa. Bí ẹ bá fi stearic acid, èròjà kan tí wọ́n ń pò mọ́ ìda, kún un, tó tó ìdá 10 nínú 100, á le sí i, á funfun dáadáa, á sì tètè yọ kúrò nínú irin tí ẹ dà á sí. Fún àbẹ́là gígùn tó ń dá dúró, mi ò rí èyí tó dára tó o fún olùbẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ń pariwo pé òun nìkan ló ń rú èéfín. Irọ́ ni. Ìda yòówù tí òwú tí wọ́n ń tanná sí láàárín rẹ̀ bá gùn jù tàbí nípọn jù á kun ògiri yín dúdú. Ẹ gé òwú kù sí milimítà 6 kí ẹ tó tàn án.

Sóyà

Òróró ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sọ di líle ni. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe àbẹ́là tà ní àwọn ọdún 1990. Ó rọ̀: púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe fún ife ń yọ́ láàárín 45 sí 52°C. Nítorí náà, inú agolo tàbí ife gíláàsì tó nípọn ni ààyè rẹ̀. Ẹ má gbé e sílẹ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n páàkì sí oòrùn o!

Ibi òórùn dídùn ni ọlá rẹ̀ wà. Ìda gíráàmù 1000 lè gba òróró olóòórùn gíráàmù 60 sí 100. Ọ̀pọ̀ sóyà ló fẹ́ kí ẹ da òróró náà sí i ní nǹkan bí 85°C, kí ẹ rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù: ó tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí òórùn rẹ̀ tó jáde tán, nígbà tí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tó fún páráfíìnì. Bí oníbàárà bá fẹ́ gbà á ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ ti mọ èyí tí ẹ máa rà. Ojú sóyà tún máa ń hu àbàwọ́n funfun. Kò ba jíjó rẹ̀ jẹ́, àmọ́ àwọ̀ ń mú kó hàn, nítorí náà ẹ má kùn ún láwọ̀.

Ìda oyin

Ó ń yọ́ ní 62 sí 64°C, ó sì ní òórùn tirẹ̀. Ó wọ́n, àwọn kan sì ń po páráfíìnì mọ́ ọn. Bí ẹ ò bá mọ ẹni tó ń sin oyin, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Àpapọ̀ irinṣẹ́ tàbí ká rà á lọ́kọ̀ọ̀kan?

Èyí tí wọ́n kó sínú páálí fún olùbẹ̀rẹ̀ dùn ún wò, ìda inú rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ẹ rà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníkéèkì ń lò àti tẹmómítà ló yẹ kó gba owó yín, kì í ṣe irin oníhò púpọ̀ tí wọ́n ń da àbẹ́là sí. Irin yẹn di ọjọ́ tí ẹ bá ti ní oníbàárà tó dájú. Agolo sàn ju gíláàsì lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, kò ní là mọ́ yín lọ́wọ́.

Òwú aláhun tí wọ́n fi òwú gidi ṣe ni kí ẹ rà, ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀, torí bí ẹnu agolo bá ṣe fẹ̀ sí ni òwú ń nípọn sí. Bí irin tín-ín-rín bá wà láàárín rẹ̀, ẹ fi ṣóńṣó rẹ̀ ha bébà funfun. Tó bá fa ìlà eérú bíi pẹ́ńsùlù, òjé ni, ẹ má rà á. Amẹ́ríkà ti fòfin de òwú olójé láti 2003.

Ẹ ra ìkòkò tó ní ìdérí. Omi lẹ máa gbé kaná, kí ẹ gbé agolo ìda sínú omi náà. Ìda kì í jókòó lórí iná tààrà. Bó bá gbiná pẹ́nrẹ́n, ìdérí yẹn lẹ máa fi bò ó, ẹ ò gbọdọ̀ da omi sí i.