Ilé ìtẹ̀wé tí ó tẹ ìwé ètò ìsìnkú Ìyá Àgbà wa ní Gárkì

Ilé ìtẹ̀wé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní Gárkì, nílùú Àbújá, nítòsí Area 11, lókè ilé alájà kan tí àwọn aránṣọ wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti tẹ ìwé ètò ìsìnkú Ìyá Àgbà wa ní oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, 200 ẹ̀dà, ojú ewé 28, aláwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò dárúkọ wọn nítorí pé mo ní àròyé díẹ̀ pẹ̀lú ìyìn tí mo fẹ́ yìn wọ́n. N kò sì lè sọ bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ náà láìsọ ipò tí àwa ọmọọmọ wà nígbà tí a gun àtẹ̀gùn wọn, torí pé ìjà ni a gbé lọ bá wọn.

Àwa mẹ́ta ni àwọn òbí wa bí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni àgbà pátápátá láàárín àwọn ọmọọmọ Ìyá Àgbà, àwọn ni wọ́n sì san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìsìnkú. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ní Kàbà ni mo gbé láti ọmọ ọdún mẹ́rin títí mo fi jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àbúrò wa obìnrin ni ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Àbújá, tí ó padà sí Kàbà ní ọdún mẹ́ta tí Ìyá Àgbà lò kẹ́yìn, tí ó ń wẹ̀ wọ́n, tí ó ń fún wọn lóògùn, tí ó sì di ọwọ́ wọn mú nígbà tí ẹ̀mí bọ́. Owó, ọjọ́ pípẹ́ àti ìtọ́jú: ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa gbára lé nìyẹn láti fi sọ pé òun ni ó ni Ìyá Àgbà jù. Kò sí èyí tí ó jẹ́ irọ́ nínú wọn, ohun tí ó sì mú kí ìjà náà le nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí àwòrán tí Ìyá Àgbà yà níbi ìgbéyàwó àwọn wà lójú ewé àkọ́kọ́. Èmi fẹ́ èyí tí wọ́n jókòó sídìí òfì, tí èmi ọmọ ọdún mẹ́fà sì dúró lẹ́yìn wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére ojú ewé méjì, wọ́n ní òun ni yóò ṣáájú ti gbogbo ọmọọmọ yòókù. Àbúrò wa ní òun kò ní kọ ohunkóhun. A kò bi í léèrè ìdí.

Ẹni tí ó ni ilé ìtẹ̀wé náà jẹ́ bàbá kan ọmọ Ọ̀ffà tí ọjọ́ orí wọn yóò ti lé ní ọgọ́ta. Wọ́n kí wa kú àráfẹ́rakù, wọ́n ní kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún màmá, wọ́n sì béèrè ohun kan kí wọ́n tó mẹ́nu ba owó: “Ta ni yóò máa bá wa sọ̀rọ̀?” Òfin wọn ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè mú àtúnṣe wá, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí ó tó wọ ẹ̀rọ. Ní ilé ìtẹ̀wé mìíràn tí mo ti lò rí, ẹni tí ó bá pè kẹ́yìn ni wọ́n máa ń gbọ́ tirẹ̀, ìyẹn kì í sì í bí ohun rere láàárín ìdílé tí ń ṣọ̀fọ̀.

Nígbà tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ tán, ojú ewé 25 ni ó jẹ́. Bàbá mú abala bébà kan, wọ́n ká a sí méjì níwájú wa, wọ́n sì ń ka ojú rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò. Mẹ́rin ni. Wọ́n ṣàlàyé pé ìwé tí a bá ká, tí a sì fi wáyà gún láàárín, kò lè ní iye ojú ewé tí mẹ́rin kò pín dọ́gba, nítorí náà yálà kí á dín ẹyọ kan kù kí ó di 24, tàbí kí á wá mẹ́ta sí i kí ó di 28. Kíá ni ẹ̀gbọ́n mi ní kí á yọ ojú ewé tèmi. Mo ní kí àwọn gé méjì tiwọn sí ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ wá di ariwo, a sì ń ka oore tí a ṣe fún òkú síra wa lójú níwájú àwọn àjèjì, títí àwọn aránṣọ fi jáde síta láti wo òkè. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Bàbá kò dá ẹnikẹ́ni láre. Wọ́n ní kí ọmọbìnrin tí ń to ìwé gbé omi wá fún wa, wọ́n jókòó, wọ́n sì béèrè pé, “Àbúrò yín tí ó wà nílé ńkọ́? Ojú mélòó ni tirẹ̀?” A kò rí èsì fọ̀. Ní ọdún mẹ́ta tí ó fi ń tọ́jú Ìyá Àgbà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nípa ohunkóhun. Ibẹ̀ ni a ti pè é. Ó ní lóòótọ́ ni òun kò ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n aṣọ kan wà lọ́wọ́ òun.

Ọmọ Bùnú, agbègbè kan nítòsí Kàbà, ni Ìyá Àgbà, ọkọ ni ó gbé wọn wá sí Kàbà. Láàárín àwọn ará Bùnú, àwọn obìnrin ni wọ́n ń hunṣọ lórí òfì olóòró, lára ohun tí wọ́n sì ń hun ni aṣọ pupa tí a fi ń sin àwọn olóyè. Aṣọ tí àbúrò wa fi rán awakọ̀ sí wa kò ju ìbú apá kan lọ, kò sì parí. Òwú ṣì ń yọ ní etí rẹ̀ níbi tí ọwọ́ Ìyá Àgbà ti dúró. Ọmọbìnrin tí ń to ìwé tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ tí ń ṣe àdàkọ ìwé, ó fi ìka tẹ́ òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà lọ́ mọ́ra, ó sì rọra dé e. Ní ìgbà àkọ́kọ́, àwọ̀ náà jáde bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń gbé aṣọ lọ sójú fèrèsé láti fi í wé ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, títí pupa méjèèjì fi bára mu. Kò gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn. Ojú ewé mẹ́ta ni aṣọ náà gbà, ìwé sì di 28. Ẹ̀gbọ́n mi kò tún sọ̀rọ̀ nípa àwòrán ìgbéyàwó mọ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí wọ́n fi èyí tí Ìyá Àgbà jókòó sídìí òfì síwájú.

Ilé ìtẹ̀wé náà tún ràn wá lọ́wọ́ lórí ìtàn ìgbésí ayé Ìyá Àgbà, nítorí pé àbúrò bàbá wa fẹ́ kí á kọ ọ́ pé ìpínlẹ̀ Kwara ni wọ́n bí wọn sí, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi takú pé Kogí ni. Bàbá tí ó ni ilé ìtẹ̀wé rán wa létí pé ọdún 1967 ni wọ́n dá èyí tí ó padà di Kwara sílẹ̀, àti pé ọdún 1991 ni a yọ Kàbà kúrò níbẹ̀ sí Kogí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ Ìyá Àgbà ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ kí èkíní nínú méjèèjì tó wà. Orúkọ ìletò wọn ní Bùnú nìkan ni a kọ.

Àròyé mi kì í ṣe kékeré. Nínú àdàkọ àkọ́kọ́, gbogbo àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ni ó bọ́ dànù, tí “ọkọ rẹ̀ kú” fi di “oko re ku”. Irúfẹ́ lẹ́tà tí wọ́n lò ni kò gba Yorùbá. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó dára, ṣùgbọ́n ilé ìtẹ̀wé tí ń gba iṣẹ́ Yorùbá kò yẹ kí ó dúró de oníbàárà kí ó tó mọ èyí. Wọn kò sì tètè sọ fún wa pé WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀, pé kí á fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì. Ìdí nìyẹn tí ojú àwọn ènìyàn kò fi mọ́lẹ̀ ní ojú ewé 17 àti 18. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọjọ́ Ọjọ́rú ni wọ́n dá fún wa, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni a sì rí ìwé gbà, nígbà tí ìsìnkú jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Òru ni a fi gba Lọ́kọ́ja àti Ọ̀bájànà dé Kàbà, ojú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò yẹ kí ó rìn lóru. Bàbá bẹ̀ wá, wọ́n sì dín owó tó kù kù, ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà.

Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni n ó tún gbé iṣẹ́ lọ, n ó kàn fi ọjọ́ mẹ́rin gbáko síwájú ọjọ́ tí mo nílò rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi padà lọ tẹ 50 ẹ̀dà sí i fún àwọn ẹbí tí kò rí gbà. N kò mọ̀ pé wọ́n lọ títí ìwé fi dé ọwọ́ mi. Àtúnṣe kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀: lábẹ́ aṣọ pupa náà, níbi tí a kò kọ nǹkan kan sí tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ní kí wọ́n kọ orúkọ àbúrò wa.