Glock 19 àti Smith & Wesson 686: èwo ni kí n gbé lọ́jọ́ Sátidé?

Ní Texas tí mò ń gbé, ìbọn ìléwọ́ méjì ni mo ní fún ìdárayá.

Ọdún 1988 ni Glock 19 jáde láti Austria. Ọta 15 ló ń gba inú àpò ọta rẹ̀, ike ni ìdimú rẹ̀, kò sì wúwo. Bí ọta bá tán, o yọ àpò kan, o ti òmíràn bọ̀ ọ́. Ọta 9mm rẹ̀ kì í wọ́n bíi ti èkejì.

Àmọ́ ọ̀dọ̀ 686 ni ọkàn mi wà. Irin gidi ni, ìwúwo rẹ̀ ló sì ń dín bó ṣe ń ta padà kù. Ihò mẹ́fà tí ọta ń wọ̀ ló wà lára agolo tèmi tó ń yí. Ọta .357 Magnum ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ó ń yin .38 Special náà, tí kò le tó o. Èyí ni mo fi kọ́ ìyàwó mi, kò sì já a láyà rárá. Bí o kò bá kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò fa òòlù ẹ̀yìn rẹ̀, ìka rẹ á ṣiṣẹ́ gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ sùúrù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí èyí: bí mo bá ṣí agolo 686, mo ti rí gbogbo ihò. Ti Glock kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè yọ àpò ọta rẹ̀ kí ọta kan ṣì wà nínú ìbọn. Bí ẹ bá ti yọ àpò náà, ẹ fa irin orí rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ fojú wo ihò tí ọta ń wọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ sì fìka kan inú ihò náà.

Inú àpótí irin tí mo ń tì pa ni méjèèjì ń gbé. Ọmọ wà nílé.