Ọyẹ́ tó ń fẹ́ láti òkun: ohun tí ojú mi rí nídìí ParaView

Àbúrò mi obìnrin tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè ló gbé iṣẹ́ náà wá bá mi n'Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà ọyẹ́. Ó ti wọn afẹ́fẹ́ ní ojú ibi 48 lórí pápá kan, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì tẹ́ẹ̀sì ní òpó mẹ́rin: x, y, iyara, igun. Ọ̀gá rẹ̀ ní òun kò fẹ́ nọ́ńbà, ọfà lòun fẹ́ rí. Kí ọfà kọ̀ọ̀kan kọjú síbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, kó sì gùn dé ibi tí afẹ́fẹ́ le dé.

ParaView, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ dátà di àwòrán, la fi ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac. Kitware àti Los Alamos National Laboratory ní Amẹ́ríkà ló jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2000, nítorí dátà tó tóbi ju ohun tí kọ̀ǹpútà kan lè gbé. Tiwa ò ju ìlà 48 lọ, síbẹ̀ odindi ọjọ́ kan ló gbà wá. Ẹ̀bi wa ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Mo ṣí fáìlì, mo tẹ Apply (ẹ má gbàgbé Apply o, láìtẹ̀ ẹ́ ẹ ò ní rí nǹkan kan). Òpó kan ṣoṣo ló jáde, tí x;y;iyara;igun dì mọ́ra wọn bí ìdì igi. Semicolon ni àbúrò mi fi pín in, kọ́mà ni ParaView ń wá. Mo lọ síbi tí wọ́n pè ní Field Delimiter Characters, mo yọ kọ́mà, mo fi semicolon sí i, òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì yọ.

A ti ń yọ̀, àfi ìgbà tí mo fẹ́ fi iyara ṣírò tí mi ò rí i láàárín àwọn tó kù. Mo wá a títí. Ìlà 31 ni àbúrò mi ti kọ "2.4m/s", ó tún kọ "ko fe" sí ìlà 40. Bí ọ̀rọ̀ kan péré bá bọ́ sáàárín nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ ni ParaView máa ka gbogbo òpó náà sí, kò sì ní pariwo. Mo bá sẹ́ fáìlì náà bí ẹni ń sẹ́ gààrí, mo sọ "ko fe" di 0, mo tẹ F5 kó tún un kà. Mi ò fi àmì ohùn sórí orúkọ òpó kankan, kí ìṣirò má baà kọsẹ̀ lára wọn. Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n kí la fẹ́ ṣe?

Ohun tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ rèé: tábìlì lásán ni fáìlì tẹ́ẹ̀sì lójú ParaView. Kò mọ̀ pé ibì kan lórí ilẹ̀ ni x àti y, kò sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni iyara àti igun. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un. Table To Points ló ń sọ ìlà kọ̀ọ̀kan di ojú ibì kan. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni tiwa, mo fi àmì sí 2D Points. Lẹ́yìn náà ni Calculator, níbi tí iHat ti jẹ́ ìlà-oòrùn, tí jHat jẹ́ àríwá. Mo kọ ọ́ báyìí:

iyara*sin(igun*3.14159/180)*iHat + iyara*cos(igun*3.14159/180)*jHat

Ẹ má yọ 3.14159/180 yẹn o, torí radian (ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń wọn igun) ni sin àti cos inú rẹ̀ ń lò, digiri sì ni a kọ sílẹ̀.

Mo wá fi Glyph ya ọfà. Mo fi orúkọ vector tuntun tí Calculator ṣe náà (ìyẹn iyara pẹ̀lú ibi tó kọjú sí) sí Orientation Array àti Scale Array, mo yan All Points kó má baà fo ibì kankan, mo sì dín Scale Factor kù torí àwọn ọfà náà ti gun ara wọn lórí. Ó rẹwà! Mo pe Màmá wa wá wò ó láti ìdí agbada gààrí. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n tẹjú mọ́ ọn.

"Ṣé láti òkun ni ọyẹ́ ti ń wá báyìí?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Èéfín ààrò wọn ń rọ́ lọ sọ́nà Ẹ̀pẹ́, gbogbo ọfà wa sì kọjú sí Sàhárà. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni igun tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń kọ, kì í ṣe ibi tó ń lọ. Mo fi àmì ìyọkúrò síwájú apá méjèèjì ìṣirò inú Calculator, ọfà yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, Save State ló yọ wá, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ nìkan ló ń tọ́jú. Ẹ má gbé fáìlì dátà kúrò níbi tó wà. Bí ẹ bá fẹ́ lo Stream Tracer, tó ń ya ipa ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ẹ kọ́kọ́ fi Delaunay 2D so àwọn ojú ibi náà pọ̀, torí kò lè rìn lórí ojú ibi lásán.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ì bá gba márùn-ún bó bá ń bi wá látìbẹ̀rẹ̀ pé òpó wo ni vector. Àbúrò mi ti padà sí pápá, ó fẹ́ wọn ọ̀kan nílẹ̀, ọ̀kan lókè. A jẹ́ pé mo máa nílò òpó z.