Láàbù tí mo gbé ọmọ lọ ní Kábà fún tẹ́ẹ̀sì kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù: abẹ́rẹ́ wọn dáa, pépà wọn ni kò dáa

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn tó ń wọ inbox mi ti pọ̀ jù, níbo ni mo ti ṣe tẹ́ẹ̀sì kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, fún ọmọ mi ọkùnrin, èló ni, ṣé ó dùn ún, ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ jẹ́ n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan náà kí n lè sinmi. N ò ní dárúkọ láàbù ọ̀hún torí ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò yìí, kì í ṣe àwọn nìkan ló jẹ ẹ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibẹ̀ gan-an kó bi mí ní kọ̀rọ̀. Láàbù aládàáni ni, àárín Kábà níbí.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ó sì sanra. Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí, ọmọ tó bá rí rọ̀gbọ̀dọ̀ la máa ń kí ìyá ẹ̀ pé ẹ kú ìtọ́jú, tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ wọ́n á ní kí lò ń fún un jẹ, torí náà kò sẹ́ni tó bá mi sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì kan tó wá sí ilé ìwé wọn ló ní kí n wo ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ dáadáa, ó dúdú, ó nípọn, bí ẹni tí kì í wẹ̀. Màmá mi ti fi kànhìnkànhìn bó o títí, ọmọ ń ké, dúdú ò lọ. Kì í ṣe ìdọ̀tí rárá. Tí ọmọ bá sanra débi pé insulin ara ẹ̀ (èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀) ò ráyè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́, ọrùn àti abíyá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì yẹn ló ní kí n lọ yẹ ṣúgà ẹ̀ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bó ọmọ lọ́rùn nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kànhìnkànhìn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yìn wọ́n níbi tó yẹ. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ tó sanra lọ gbẹ̀jẹ̀ rí á mọ̀ pé iṣan ọwọ́ wọn ṣòroó rí, ó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ ọ̀rá, wọ́n á gún un níbí, wọ́n á gún un lọ́hùn-ún, ọmọ á wá máa ké mọ́ gbogbo ayé lórí. Bọ̀dá tó gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, Ọlọ́run á bù kún un, kò kánjú. Ó so rọ́bà mọ́ ọn lápá, ó ń fi ìka wá iṣan kiri pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń bi í pé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wo ló ń tì lẹ́yìn, kí Arsenal tó jáde lẹ́nu ọmọ abẹ́rẹ́ ti wọlé, ẹ̀ẹ̀kan náà ló gún un. Abẹ́rẹ́ tuntun ló já lójú mi. Ibẹ̀ mọ́, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ torí kò síná. ₦9,000 ni wọ́n gbà fún lipid profile, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì oríṣiríṣi ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, mo ṣe tiránsífà, rìsíìtì jáde lójú ẹsẹ̀, rìsọ́ọ̀tì sì ti wà lórí WhatsApp mi kílẹ̀ tó ṣú. Ní Kábà níbí o, ìyẹn ò kéré.

Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ bí mi nínú ni ti ebi. Wọ́n ní kó má jẹ nǹkan kan fún wákàtí méjìlá, omi nìkan, a débẹ̀ láàárọ̀ kùtù, àwọn àgbà tó wá ṣe mẹ́díkà iṣẹ́ ni wọ́n wá ń pè wọlé níṣojú wa, ọmọ jókòó títí ojú ẹ̀ fi ń ṣú, mo ní ṣé ẹ ò lè pe àwọn ọmọdé ṣáájú ni, wọ́n ní nọ́ńbà là ń tẹ̀ lé, Ma. Ohun tó wá dùn mí ni pé dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, ọmọ ìbá jẹun kó tó lọ. Tí wọ́n bá yọ HDL (kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tó dáa) kúrò nínú total (àpapọ̀ gbogbo kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù), èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń pè ní non-HDL, oúnjẹ àárọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà, òun ni wọ́n lè fi bẹ̀rẹ̀. Triglycerides, oríṣi ọ̀rá mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, ni oúnjẹ máa ń gbé sókè, tí wọ́n bá wá fẹ́ mọ ìyẹn dájúdájú ni wọ́n á ní kí ọmọ má jẹun wá.

Ẹ̀yí tí mo tìtorí ẹ̀ jókòó ti fóònù gan-an ni pépà tí wọ́n fún mi. Total cholesterol 4.6, Normal. Triglycerides 1.6, Normal. HDL 0.95, Normal. LDL (kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tí kò dáa tó bá pọ̀) 2.9, Normal. Normal, Normal láti òkè délẹ̀, ẹni tó bá rí i á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á ra mínírà fún ọmọ lójú ọ̀nà ilé.

Mo gbé e lọ bá dókítà àwọn ọmọdé ní Lọ́kọ́ja. Kò tiẹ̀ wo ibi tí wọ́n kọ Normal sí, ó fi báírò fàlà sábẹ́ reference range (ibi tó yẹ kí nọ́ńbà bọ́ sí) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní "Mọ́mì, ọmọ ọdún mélòó nìyí?" Mo ní mọ́kànlá, sà. Ó ní "Ti ẹni ogójì ọdún ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n."

Ẹ fara balẹ̀ bá mi ka ibí yìí. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní mmol/L ni láàbù wa fi ń kọ ọ́, ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà sì ń lo mg/dL. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i padà, ẹ fi 38.67 tàímísì kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù yálà total, HDL tàbí LDL, triglycerides nìkan ni tiẹ̀ yàtọ̀, 88.57. Triglycerides 1.6 ti ọmọ mi wá di bíi 142. Fún àgbàlagbà, kò tíì dé 150, wọ́n á ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 10 sí 19, kò yẹ kó dé 90, tó bá ti di 130 ó ti ga nìyẹn, èyí tí kò tíì pé ọdún 10 sì rèé, 100 péré ti ga fún un. HDL tó jẹ́ èyí tó dáa, tá a fẹ́ kó pọ̀, tiẹ̀ jẹ́ bíi 37, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó ju 45 lọ, tí kò bá tó 40 ó ti kéré jù. Total ẹ̀ jẹ́ 178, ti ọmọdé kò yẹ kó dé 170, tó bá di 200 ló ga pátápátá, torí náà ó wà láàárín. LDL náà wà láàárín, 110 ló yẹ kó má dé, tiẹ̀ lé e díẹ̀. Méjì kò dáa, méjì wà lẹ́nu ààlà, Normal mẹ́rin ni wọ́n kọ. Àwọn nọ́ńbà ti ọmọdé yìí kì í ṣe nǹkan tuntun o, láti 2011 ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìlera kan ti gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, àwọn kan náà ló ní kí wọ́n yẹ gbogbo ọmọ wò lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 9 sí 11, kí wọ́n tún un ṣe láàárín 17 sí 21, ọmọ tó bá sanra gan-an tiẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ látọmọ ọdún méjì.

Mo padà lọ bá wọn ní láàbù, mi ò bá wọn jà, mo kàn ṣàlàyé. Sisí tó wà níwájú ní bí mẹ́ṣìnì ṣe ń gbé e jáde nìyẹn, Ma. Mẹ́ṣìnì kẹ̀. Ọjọ́ orí ọmọ wà lórí pépà kan náà, 11 years, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè. Ẹ fún ọmọ ní ṣòkòtò bàbá ẹ̀ wọ̀, ẹ ní ó bá a mu torí kò fún un!

Dókítà ní bí ti ọmọ mi ṣe rí yìí gan-an ni ti ọmọ tó sanra ṣe sábà máa ń rí, triglycerides á lọ sókè, HDL á lọ sílẹ̀, LDL lè máà yọ èèyàn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wo total nìkan ò ní rí i. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Tí ṣúgà àti ìyẹ̀fun bá pọ̀ ju èyí tí ara ń lò lọ, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ọ̀rá, á tú u sínú ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ nínú ọ̀rá yẹn á tún jókòó sínú ẹ̀dọ̀ fúnra ẹ̀. Kò ní dun ọmọ, kò ní gbóná, ṣùgbọ́n àtikékeré ni ọ̀rá ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé àrùn àwọn olówó tàbí ti òyìnbó ni, àjọ ìlera àgbáyé WHO ní lọ́dún 2022, àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19 tó sanra jù lágbàáyé ti lé ní mílíọ̀nù 390. A wà ńbẹ̀.

Ẹyin ni gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń nàka sí, ẹyin àti epo pupa. Dókítà kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, mínírà ló kọ́kọ́ bi mí, lẹ́yìn náà jùúsì inú páálí, bískíìtì, búrẹ́dì funfun, tíì tí ọmọ ń po ṣúgà sí. Mínírà 35cl kan lè ní gíráàmù ṣúgà tó lé ní 35, ọmọ mi lè mu méjì nílé ìwé kó tó délé! Epo pupa kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, kò sí epo ewéko tó ní i, nítorí náà "No Cholesterol" tí wọ́n kọ sára ike òróró tẹ́ ẹ ń san owó lé lórí yẹn, ọgbọ́n ìtajà ni, ṣùgbọ́n bí ìdajì epo pupa ni ọ̀rá tó máa ń gbé LDL sókè, ẹ má bu ú bí omi. Iyán ò lọ o, mi ò lè wà nílẹ̀ Okun kí n ní ọmọ mi ò ní jẹyán, òkèlè ló dín kù, ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ sí i. Ọ̀kadà ilé ìwé ti dúró, ó ń fẹsẹ̀ rìn, ọjọ́ tí òjò bá sì rọ̀ a máa ń pariwo orin nínú pálọ̀ ká jó, torí wákàtí kan lójúmọ́ ni wọ́n ní kí ọmọdé máa lò lórí eré tó ń mú un mí gúlegúle.

Dókítà kò kọ oògùn kankan fún wa. Oògùn statin tí àwọn àgbà ń lò láti gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wálẹ̀ wà fún ọmọ tí LDL ẹ̀ ga gan-an, bíi 190 sókè tí oúnjẹ ò sì gbé e wálẹ̀, pàápàá èyí tó bá jẹ́ ti ìdílé, kì í sì í ṣe kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Tíì tó ń fọ ọ̀rá tí wọ́n ń tà kiri lọ́jà ń kọ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá? Ẹ má dán an wò. Dókítà ní ká tún tẹ́ẹ̀sì yẹn ṣe láìjẹun, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì sí èyí àkọ́kọ́ kó má sì ju oṣù mẹ́ta lọ, kí wọ́n lè pa méjèèjì pọ̀ wá àárín ẹ̀, torí ẹyọ kan ṣoṣo ò tó ẹ̀rí.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún láàbù náà. Ti bọ̀dá abẹ́rẹ́ yẹn pé márùn-ún, pépà ló fa méjì lulẹ̀, wọ́n sì lè gbà á padà tí wọ́n bá tẹ range ti ọmọdé sínú kọ̀ǹpútà wọn, kò gba owó. Ibẹ̀ náà ni n ó tún gbé e lọ fún èkejì, mi ò lè lọ jẹ́ kí wọ́n máa gún ọmọ mi níbòmíì. Aago méje ni wọ́n ń ṣí, ẹ tètè dé kẹ́ ẹ tó pàdé àwọn oní-mẹ́díkà, Sátidé wọn kì í kọjá ọjọ́kanrí, ẹ dákun ẹ gbé búrẹ́dì kékeré tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání fún ọmọ láti jẹ tó bá ti gbẹ̀jẹ̀ tán, torí alátẹ tó wà lẹ́nu géètì wọn, púffpúff àti mínírà nìkan ló ń tà.